Kí ẹ̀rọ bọ́ ẹja kò le, kó mọ̀ ọ́n dúró ló le

Ẹja tí kò jẹun lónìí kò ní tìtorí ìyẹn kú lọ́la. Èyí tí wọ́n da oúnjẹ bò mọ́lẹ̀ ńkọ́? Ó lè ti léfòó kí ilẹ̀ tó mọ́. Ká ní mo lágbára ni, ara ògiri yàrá tí a ti ń ya àwòrán ẹ̀rọ wa ni mi ò bá kọ ọ̀rọ̀ yìí sí, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí a rí létí omi dá lé.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá. Àwọn kan nínú wa ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, àwọn yòókù ń kọ́ nípa ọ̀sìn ẹja. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa ni pé ká ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa bọ́ ẹja fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé omi tó ń ṣàn nìkan ni yóò máa yí i, láìsí iná mànàmáná, láìsí bátìrì. Èmi ni wọ́n fi sídìí ìwé àkọsílẹ̀. Ohunkóhun tí a bá wọ̀n, èmi ni mò ń kọ ọ́ sílẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n lè sọ ọ̀rọ̀ yìí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Ó dùn létí láti sọ pé omi ló ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀rọ. Tí èèyàn bá ṣírò rẹ̀, ayọ̀ yẹn á dínkù díẹ̀. Lítà omi 1 wúwo tó kílò 1. Tí lítà 1 bá ń já bọ́ láti òkè mítà 1 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, gbogbo agbára tó wà níbẹ̀ kò ju watt 0.16 lọ. Ṣájà fóònù kékeré ń fẹ́ watt 5. Kí a tó lè rí watt 5 yẹn, bíi lítà 31 ni yóò máa já bọ́ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ká tiẹ̀ gbà pé kò sí èyí tó ṣòfò nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ irin tó ń ha irin kì í ṣàì jẹ tiẹ̀ níbẹ̀. Omi tó ń wọ inú kòtò ẹja tí a lò kò sún mọ́ iye yẹn rárá. Ìdí nìyẹn tí a kò fi fi kẹ̀kẹ́ omi ṣe é. Garawa tó ń dojú dé la lò.

Garawa lítà 5 ni. A fi í kọ́ sórí ọ̀pá irin lọ́nà tó jẹ́ pé nígbà tó bá ṣófo, ìdí rẹ̀ ló wúwo, á dúró ṣánṣán. Bí omi bá ṣe ń kún inú rẹ̀ ni ìwúwo ń sún síwájú, tó bá kún tán, á dojú dé lẹ́ẹ̀kan náà, á da omi nù, á sì padà sí ipò rẹ̀. Omi kílò 5 tó já bọ́ láti òkè sẹ̀ǹtímítà 30 ń fúnni ní joule (òṣùwọ̀n agbára) 14 ó lé díẹ̀ lójijì. Ìyẹn tó láti ti kẹ̀kẹ́ eléyín kan síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Omi tín-ín-rín ń tọ́jú agbára díẹ̀díẹ̀, ó wá ná gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí gan-an, mi ò sì rò pé ó máa sú mi láé.

Nínú yàrá ìdánwò, ó ṣiṣẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bá kọ́ ọ níṣẹ́. Omi ń jáde láti inú páìpù ní lítà 1 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, garawa ń dà ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, a sì ṣírò oúnjẹ rẹ̀ lórí ìwé. Ká sọ pé ẹja 500 ló wà nínú kòtò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó gíráàmù 200: àpapọ̀ wọn jẹ́ kílò 100. Tí a bá ń fún wọn ní ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara wọn lójúmọ́, kílò 3 nìyẹn. Láàárín wákàtí 12, garawa á dà ní ìgbà 144, ìyẹn ni pé bíi gíráàmù 21 ni yóò máa já bọ́ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ó mọ́ lórí ìwé.

Màmá tó ni kòtò ẹja tí wọ́n gbà wá láyè láti lò wo ẹ̀rọ náà yípo nígbà tí a kọ́kọ́ gbé e dé, ó fi ọwọ́ ti garawa náà, ó jẹ́ kó padà. Ó kí wa kú iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá bi wá pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, tí ilẹ̀ bá ṣú, ta ló máa sọ fún un?"

A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ò kúrò níbẹ̀. Omi kì í sùn. Ẹ̀rọ tí omi ń yí á máa yí lóru. Ẹja epìyà kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun lókùnkùn. Ẹja àrọ̀ lè jẹ, ṣùgbọ́n kòtò náà fúnra rẹ̀ kò sí ní ipò tó dára nígbà yẹn. Lọ́sàn-án, ewé omi àti àwọn ohun tín-tìn-tín aláwọ̀ ewé inú omi ń fi ìtànṣán oòrùn pèsè ọ́síjìn. Tí oòrùn bá wọ̀, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà á mu pẹ̀lú ẹja, ó sì máa ń dínkù títí di ìgbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́, nígbà tó kéré jù lọ. Tí oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ bá wá ń jẹrà nísàlẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ́ á fa ọ́síjìn tiwọn náà, amóníà, èròjà olóró tó ń pa ẹja lára, á sì máa pọ̀ sí i. Ọ́síjìn tó bá lé ní mìlígíráàmù 5 nínú lítà omi kan ló tẹ́ ẹja lọ́rùn; tó bá ti wá sísàlẹ̀ 3, ara ti ń ni wọ́n nìyẹn.

A kò tíì jẹ́ kí oúnjẹ kan wọ inú omi nígbà tí a ń wo gbogbo èyí. Abọ́ fífẹ̀ la gbé sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ. Ohun tí ì bá já sínú omi, inú abọ́ ló ń já sí, a ó kó o sórí òṣùwọ̀n, mo á kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gba gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí níyànjú pé kó má fo ibẹ̀ yẹn. Ẹja kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Abọ́ yẹn ló sọ ohun tí òjò ń ṣe fún wa. Lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ lápá òkè odò, omi tó ń bọ̀ nínú páìpù le sí i, garawa kò wá dúró de ìṣẹ́jú márùn-ún mọ́, ó ń dà lẹ́mọ́lẹ́mọ́. Ohun tó wà nínú abọ́ tó ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ọjọ́ òjò ni ọjọ́ tí ìkùukùu bo oòrùn, tí omi tutù, tí ọ́síjìn kéré, tí ìfẹ́ oúnjẹ sì dínkù lára ẹja. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fẹ́ ìdajì, ìlọ́po méjì ni ẹ̀rọ ń gbé fún wọn. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ o. Ó ń ṣe ohun tí a ní kó ṣe gẹ́lẹ́, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ ìṣirò dáadáa sọ pé ká gbé táǹkì kékeré kan sí àárín, kó ní ihò lókè tí omi tó bá pọ̀ jù yóò máa gbà jáde, kí omi tó ń lọ sínú garawa máa gba ihò ìsàlẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ìyára omi tó ń gba ihò jáde kì í tẹ̀ lé gíga omi bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí omi tó ń jáde tó lè di ìdajì, gíga omi tó wà lókè ihò ní láti wálẹ̀ di ìdá kan nínú mẹ́rin. Tí omi inú táǹkì bá wá dúró sójú kan, ohun tó ń jáde nísàlẹ̀ á dúró sójú kan, yálà òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀. A ṣe é, ó sì yanjú ti òjò. Ti òru ló ṣì wà nílẹ̀.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ká fi sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ ìmọ́lẹ̀ sí i. Mo lòdì sí i, kì í ṣe pé mo kórìíra iná mànàmáná. Níbi tí iná bá wà, mọ́tò oníná kékeré kan tó ń yí nǹkan àti aago tó ń tan án tó sì ń pa á tó fún iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni tó bá ń fi omi yọ ara rẹ̀ lẹ́nu níbẹ̀ ń wá ìyọnu ni. Ṣùgbọ́n tí a bá ti lè fi sẹ́ńsọ̀ sí i, a ó fi bátìrì sí i, a ó wá ibi tí ọ̀rinrin kò ti ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohun tó sì lè kùnà ti di méjì. Ní tèmi, ohun tó ń dá ẹ̀rọ dúró gbọ́dọ̀ rọrùn ju ohun tó ń mú un ṣiṣẹ́ lọ.

Àgbá lítà 200 ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. A kò so ẹ̀rọ mọ́ odò mọ́. Láàárọ̀, Màmá tàbí ọmọ rẹ̀ á ṣí páìpù, àgbá á kún, wọ́n á pa á. Inú àgbá yẹn ni ẹ̀rọ ti ń mu omi títí tí yóò fi tán. Lítà 200 nínú garawa lítà 5, ìgbà 40 nìyẹn, kò lè jẹ́ 41. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, kí òjò rọ̀, kí odò kún, kí ẹni tó ni ín gbàgbé láti kún un, àgbá tó ṣófo kì í bọ́ ẹja. A dín ihò kù kí garawa máa dà ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wákàtí mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ sì ń gbà: tí wọ́n bá ṣí i ní aago mẹ́jọ àárọ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló ń dákẹ́. Nítorí pé omi inú àgbá ń lọ sílẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń lọ, a fi bọ́ọ̀lù tó ń léfòó sínú táǹkì kékeré àárín yẹn, irú èyí tó ń dá omi dúró nínú táǹkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí gíga omi ibẹ̀ má bàa yí padà.

Ihò tó ń gbé omi tó kéré báyẹn jáde kò fẹ̀ ju mìlímítà 2 sí 3 lọ. Ewéko omi àti iyanrìn fẹ́ràn irú ihò bẹ́ẹ̀. A fi aṣọ àsẹ́ méjì sí i, ọ̀kan tó fẹ̀ lójú ṣáájú, èkejì tó dí tẹ̀ lé e, síbẹ̀ ó máa ń dí nígbà mìíràn. Kò dùn mí púpọ̀. Tí ihò bá dí, ẹ̀rọ á dúró, ẹja á fò oúnjẹ kan.

Apá ibi tí oúnjẹ ti ń jáde ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi wò. Oríṣi méjì la gbé lọ sétí omi láti fi wé ara wọn. Nínú ti àkọ́kọ́, garawa tó bá dojú dé á fa okùn kan, okùn á ṣí ilẹ̀kùn kékeré lábẹ́ àpótí oúnjẹ, garawa tó bá padà á tún pa á dé. Nínú èkejì, rólà onígi kan ló wà lábẹ́ àpótí, a gbẹ́ kòtò sí i lára yípo. Kòtò tó bá wà lókè á kún fún oúnjẹ, kẹ̀kẹ́ eléyín á yí i, tó bá dé ìsàlẹ̀ á dà á sílẹ̀. Ilẹ̀kùn ló rọrùn láti ṣe, òun náà ló sì yára. Nínú yàrá ìdánwò, kò sí ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ nígbà tí hóró oúnjẹ kan, kò ju mìlímítà 3 lọ, há sí etí ilẹ̀kùn náà. Garawa ti padà sí ipò rẹ̀, okùn ti dẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò lè pa dé tán. Àlàfo tó kù kò tó ìbú ìka mi. Hóró bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ jáde níbẹ̀, mẹ́ta, márùn-ún, ó wá di ìṣàn, ó ń ró wìrìwìrì sínú abọ́, kò sì sí ohun tó máa dá a dúró bí kò ṣe kí àpótí ṣófo. Nígbà tí irú hóró bẹ́ẹ̀ há sára rólà, rólà kàn gan ni. Oúnjẹ kankan kò jáde. Kò sí bí èèyàn ṣe lè yí rólà yẹn tí ọ̀nà tààrà kan á fi là láti inú àpótí dé inú omi. A tú ilẹ̀kùn yẹn kúrò kí a tó jẹun ọ̀sán, ẹnikẹ́ni kò tún bèèrè rẹ̀.

Ọ̀rinrin tún ní tiẹ̀. Garawa tó ń dà omi ń ta omi káàkiri, àpótí oúnjẹ sì wà ní tòsí. Mo ṣí ìdérí, mo rí i pé oúnjẹ tó wà nínú rẹ̀ kò lọ sílẹ̀ mọ́: ihò kan ṣoṣo ló là láàárín, ó gùn ún dé ìsàlẹ̀, àwọn hóró tó yí i ká sì dúró bí ògiri. Mo fi ìka tẹ ògiri náà, ipa ìka mi hàn lára rẹ̀. Oúnjẹ tó ti rọ̀ báyẹn kì í pẹ́ hu olú, tó bá sì hu ú, májèlé tó ń ti ara olú jáde lè pa ẹja lára, kódà bí a bá sá a tó tún gbẹ. A gbé àpótí kúrò ní ẹ̀gbẹ́ garawa, ọ̀pá gígùn ló wá so wọ́n pọ̀. A tún jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ àpótí dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sí i kí hóró máa yọ̀ sílẹ̀. Èyí tó ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀ kò ná wa ní nǹkan kan, Màmá ló sì mú un wá. "Ẹ má rọ àpò odindi sínú ẹ̀," ló wí. "Ẹ wọn ti òní fún un." Oúnjẹ ọjọ́ kan kò ní pẹ́ nínú àpótí débi tí yóò fi rọ̀. Tí gbogbo nǹkan bá sì dojú rú, ohun tí ẹ̀rọ lè dà sínú omi kò lè ju ti ọjọ́ kan lọ.

A wá gbé abọ́ kúrò, a jẹ́ kí ẹja jẹ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ ìró garawa. Kí hóró tó balẹ̀, wọ́n ti dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi àwọ̀n kó díẹ̀ nínú wọn wọ̀n lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àwọn ńlá ti tóbi sí i, àwọn kéékèèké kò kúrò níbi tí wọ́n wà. Ìdí rẹ̀ hàn tí èèyàn bá dúró wò ó. Gíráàmù 75 tó ń já sí ojú kan náà ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn alágbára á kàn dúró sábẹ́ ẹ̀rọ ni, wọn kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn sún mọ́ ọn. Fún ẹja àrọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ju ti ìdàgbàsókè lọ, torí pé èyí tó bá ti tóbi púpọ̀ ju èkejì lọ lè gbé e mì. A pààrọ̀ rólà náà. Garawa ní láti dà lẹ́ẹ̀mẹrin kí kòtò kan tó dé ìsàlẹ̀, kòtò náà sì gba gíráàmù 300. Ìgbà mẹ́wàá ni wọ́n wá ń jẹ lójúmọ́ dípò ogójì, tó bá sì já, ó pọ̀ débi tí àwọn ńlá kò lè ká a mọ́wọ́ tán. Àwọn tó ń kọ́ nípa ọ̀sìn ẹja ti ń sọ èyí fún wa tẹ́lẹ̀. Àwa oníṣẹ́ ẹ̀rọ ló fẹ́ràn ohun tó bá ń wáyé lẹ́sẹẹsẹ.

Ohun kan wà tí kò sí lórí àwòrán wa rárá. Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, nígbà tí Màmá bá ń fọ́n oúnjẹ, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára omi. Ó ń wo bí wọ́n ṣe ń sáré wá, ó ń wo èyí tó ń léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbóòórùn omi. Tí ẹ̀rọ bá gba oúnjẹ fífọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni yóò máa wo wọ́n? Ó wá jẹ́ pé àgbá tí a gbé síbẹ̀ nítorí òru ló ń mú un wá lójoojúmọ́, torí pé ó gbọ́dọ̀ wá kún un. Ó máa ń kọ́kọ́ fọ́n ẹ̀kúnwọ́ kan fúnra rẹ̀. Tí wọ́n bá dìde gìrìgìrì, ó kún àgbá dé ẹnu. Tí wọ́n bá ń lọ́ra, ó dá omi dúró ní ìdajì, nítorí ó ti mọ̀ pé lítà 100 jẹ́ ìgbà 20 tí garawa á dà, oúnjẹ ìgbà márùn-ún, kílò kan àbọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìyẹn. Nígbà tí a padà lọ, a bá ìlà ọ̀dà funfun mẹ́rin lára àgbá, ó fa wọ́n fúnra rẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀rọ wa ṣe ohun tí àwa tó ṣe é kò ronú kàn.

Ó tún ní ká wá nǹkan tí yóò máa dún tó bá ń ṣiṣẹ́. A so páànù kan síbi tí ìdí garawa ti ń padà balẹ̀, ó ń ró gbàn-ùn. Láti inú ilé, tí kò bá gbọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́, á rán ọmọ rẹ̀ lọ fọ ihò.

Ẹja náà kò ní dúró ní gíráàmù 200. Tí wọ́n bá dé 400, àpapọ̀ wọn á di kílò 200, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún á sì ti wálẹ̀, ká sọ pé ó di 2: kílò 4 lójúmọ́, gíráàmù 400 nínú kòtò ara rólà kọ̀ọ̀kan. A gbẹ́ kòtò ara rólà kó jìn ju bó ṣe yẹ lọ, a wá fi igi pẹlẹbẹ dí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe ń dàgbà, èèyàn á máa yọ igi kan kúrò. Gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì ló yẹ kí wọ́n máa fi àwọ̀n kó díẹ̀ wọ̀n, kí wọ́n sì yọ iye tó bá ti kú kúrò nínú ìṣirò.

Atẹ́gùn ló kù tí a kò tíì borí. Hóró tó ń léfòó ni wọ́n ń jẹ, atẹ́gùn sì ń gbá a lọ sí etí kòtò, níbi tí àwọn ẹyẹ ti ń dúró dè é. Páìpù tí a tẹ̀ di òrùka, tí a dí lẹ́nu kó lè máa léfòó, la ń gbìyànjú báyìí kó lè ká oúnjẹ mọ́ ojú kan. Tí òrùka bá kéré, àwọn ńlá tún ń gbà á; tó bá fẹ̀ jù, ìgbì ń gbé hóró kọjá lórí rẹ̀. Ìwọ̀n tó máa bá kòtò Màmá mu ni mò ń wọ̀n lọ́wọ́.